Ṣé lóòótọ́ ni ọ́síjìn ń fa kátáráàtì?

Kátáráàtì ni kí lẹ́ńsì, ohun tó mọ́ gaara nínú ojú tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, di bàìbàì. Ìròyìn ń tàn ká pé ọ́síjìn ló ń ba lẹ́ńsì ojú jẹ́, pé fítámì lè dá a dúró, àti pé oògùn kíkán sójú lè yọ́ kátáráàtì dànù. Ti àkọ́kọ́ ní òótọ́ nínú. Méjì yòókù ló ń pa àwọn èèyàn lára.

Ṣé ọ́síjìn tí à ń mí símú yìí náà ni?
Òun náà ni. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ṣe ń lò ó, díẹ̀ nínú rẹ̀ ń di èròjà tó ń ba nǹkan jẹ́, bíi hydrogen peroxide. Ara ní ohun tó fi ń pa á. Ìgbà tó bá borí ara ni ewu dé.

Kí ló dé tó fi jẹ́ lẹ́ńsì ló ń jìyà rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?
Nítorí pé lẹ́ńsì kì í pààrọ̀ ohun tó bàjẹ́. Kí ìmọ́lẹ̀ lè ráyè kọjá, àwọn sẹ́ẹ̀lì àárín rẹ̀ ti pa núkílíọ́ọ̀sì wọn (ibi tó ń darí sẹ́ẹ̀lì) tì, wọn kò sì lè ṣe purotéènì tuntun mọ́. Crystallin, ìyẹn purotéènì lẹ́ńsì, tó wà ní àárín lẹ́ńsì ẹni 70 ọdún ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Glutathione, èròjà kan tó ń pa àwọn èròjà tó ń ba nǹkan jẹ́ yẹn, ló ń dáàbò bò ó: apá òde lẹ́ńsì ló ń ṣe é, ó sì ń rìn lọ sí àárín. Bí èèyàn ṣe ń dàgbà, ọ̀nà yìí ń dí. Òde ṣì ní ànító, àárín kò rí gbà. Àwọn crystallin á wá so mọ́ra wọn, wọ́n á dì, wọ́n á máa tú ìmọ́lẹ̀ ká, bí funfun ẹyin tó ti rí iná.

Kí ló fi hàn pé ọ́síjìn ni?
Omi-dídì tó wà lẹ́yìn lẹ́ńsì kì í jẹ́ kí ọ́síjìn pọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí dókítà bá yọ omi-dídì náà nítorí àìsàn rẹ́tínà (awọ ẹ̀yìn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀), ọ̀pọ̀ ẹni tó ti ju 50 ọdún lọ ń ní kátáráàtì láàárín ọdún 2.

Kí ló ń mú un yá?
Sìgá, ìtànṣán oòrùn, ìtọ̀ ṣúgà, àti lílo oògùn steroid fún ìgbà pípẹ́.

Ṣé kí n máa lo fítámì?
Kì í ṣe nítorí kátáráàtì. Ìwádìí AREDS ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2001, lo fítámì C, fítámì E àti beta-carotene púpọ̀. Kò dá a dúró. Beta-carotene oníhóró tilẹ̀ ń fi kún ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fún ẹni tó ń mu sìgá. Ẹ má torí èyí pa èso àti ẹ̀fọ́ tì o: ọ̀rọ̀ oògùn oníhóró ni mò ń sọ.

Oògùn kíkán ńkọ́?
Kò tíì sí èyí tí ẹ̀rí fi hàn pé ó ń wo kátáráàtì èèyàn. Lanosterol mú lẹ́ńsì ajá mọ́ díẹ̀ nínú ìwádìí kan ní 2015, ajá ni.

Kí ni kí n ṣe?
Ẹ fi sìgá sílẹ̀, ẹ ṣọ́ ṣúgà ara yín, ẹ máa dé fìlà etí gbígbòòrò, kí ẹ sì lo awò oòrùn tí wọ́n kọ UV400 sí. Bí kátáráàtì bá ti ń dí yín lọ́wọ́ láti kàwé tàbí wakọ̀, iṣẹ́ abẹ ló kù: ojú ihò mìlímítà 2 sí 3 ni wọ́n sábà máa ń gbà yọ lẹ́ńsì tó bàjẹ́, tí wọ́n á sì fi àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀. Ẹ má dúró dìgbà tó bá "gbó", nítorí ó lè wú, kó sì fa gilokóómà, ìyẹn àìsàn tí ìfúnpá inú ojú fi ń ba iṣan ìríran jẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ ti lẹ́ńsì yín sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ló ti fọ́jú nípa bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí ló yẹ kí n bẹ̀rù?
Ìrora tó ń le sí i, ojú tó ń pọ́n sí i, ìríran tó ṣàdédé rẹlẹ̀, tàbí ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ mànà. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà.