Ìpètúnpè kọ́ ló ń mú ọ̀rọ̀ dúró lórí

Bí WAEC bá ti ń sún mọ́lé, láti Ọ̀fà dé Òmù-Àrán, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í há ọ̀rọ̀ sórí. Wọ́n á máa pe ọ̀kan títí ẹnu á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Wọ́n gbà pé bí ẹnu bá ṣe pè é tó lorí ṣe máa gbà á tó. Ìgbàgbọ́ yìí ń fi àkókò ọmọ olọ́mọ ṣòfò.

Ní 1975, Fergus Craik àti Endel Tulving, àwọn onímọ̀ nípa ìrántí, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ han àwọn ènìyàn, wọ́n sì ń bi wọ́n léèrè: ṣé lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi kọ ọ́? Ṣé ìró rẹ̀ jọ ti ọ̀rọ̀ báyìí? Ṣé ó lè bọ́ sínú gbólóhùn yìí? Lẹ́yìn náà ni ìdánwò ìrántí dé láìròtẹ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n ro ìtumọ̀ rẹ̀ ni wọ́n rántí jù. Èyí tí wọ́n kàn wo lẹ́tà rẹ̀ ló kéré jù.

Apá kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí gbogbo olùkọ́ mọ̀. Wọ́n tún ní kí àwọn ènìyàn yẹ bí kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì ṣe tò tẹ̀ léra nínú ọ̀rọ̀ wò, iṣẹ́ tó gba àkókò ju ríro ìtumọ̀ lọ. Síbẹ̀, ìtumọ̀ ló borí. Pípẹ́ nídìí ọ̀rọ̀ kọ́, òógùn ojú kọ́. Ọ̀rọ̀ tí a ro ìtumọ̀ rẹ̀ dà bí òwú tí ahunṣọ Ìlọrin ń tì bọ àárín òwú orí òfì: ó gba abẹ́ ọ̀kan, ó gba orí èkejì, àwọn òwú yòókù sì dì í mú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tó bá gbólóhùn mu fi dúró ju èyí tí kò bá a mu lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú ìbéèrè kan náà ni wọ́n bi lórí méjèèjì.

Ọ̀nà mìíràn ni ìmọ̀lára ń gbà. Bí ojú bá kan “ìbọn” tàbí “òkú”, ẹ̀yà ọpọlọ kan, amygdala, á ta gìrì, á sì ta hippocampus, ẹ̀yà ìrántí tó múlé gbè é, lólobó pé kó di ọ̀rọ̀ náà mú. Ẹni tí amygdala rẹ̀ bàjẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ àǹfààní yìí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ bíi “ìbànújẹ́”, tí kì í mú àyà já, ríronú lé e lórí ló ń gbé e ró jù.

Àwọn ọmọ ilé kéú Ìlọrin tó ń há Kùránì sórí kí wọ́n tó mọ ìtumọ̀ ńkọ́? Ó ń dúró fún wọn dáadáa. Ní 1977, àwọn olùwádìí mìíràn, Morris, Bransford àti Franks, fi hàn pé bí ìdánwò bá dá lórí ìró, àwọn tó fi ọkàn sí ìró ló ń borí. Ohùn ni ọmọ kéú fi kọ́ ọ, ohùn náà ni àfáà ń béèrè. WAEC kì í sábà béèrè ohùn. “Ṣàlàyé” ló máa ń kọ síwájú ọ̀pọ̀ ìbéèrè.