Páàtì tó wọlé lè má bá ọkọ̀ yín mu

Ẹ dé ìsọ̀ páàtì kan ní Apo Mechanic Village ní Àbújá, ohun àkọ́kọ́ tí ọlọ́jà máa bi yín ni, "Ọkọ̀ wo ni?" Ẹ ó ní, "Big Daddy," ìyẹn irú Toyota Camry kan. Ó parí. Kò ní béèrè ọdún tí ọkọ̀ jáde, kò ní béèrè bóyá oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin ni tàbí mẹ́fà, ẹ̀yin náà ò sì ní sọ. Á na ọwọ́ sókè pẹpẹ, á gbọn eruku orí páálí kan, á ní, "Original ni, ẹ̀gbọ́n." Ẹ sanwó, mẹkáníìkì gbà á lọ́wọ́ yín, ó tì í wọ ibi tí ó ti yọ ti tẹ́lẹ̀. Bó bá ti wọlé, gbogbo yín gbà pé ó bá a mu nìyẹn.

Ìgbàgbọ́ méjì ló so kọ́ra níbẹ̀. Èkíní ni pé orúkọ ìnagijẹ ọkọ̀ tó ra páàtì. Èkejì, tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, ni pé páàtì tó bá ti ráyè wọlé ti di ti ọkọ̀ náà. Èmi fúnra mi gba méjèèjì gbọ́ fún ọdún mẹ́rin gbáko, títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí bíréèkì rọ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Kugbo, tí ìyàwó mi jókòó sí iwájú, tí ọmọ méjì ń sùn lẹ́yìn.

Camry 2003 ni ọkọ̀ mi. Páàdì bíréèkì iwájú ti jẹ tán, mẹkáníìkì mi, ọmọ Ọ̀fà kan tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá lẹ́nu iṣẹ́, ní kí n ra tuntun wá. Mo rà á. Nígbà tó fẹ́ kì í bọlé, ẹsẹ̀ òsì gbà á, ẹsẹ̀ ọ̀tún kọ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò. "Etí rẹ̀ ló gùn díẹ̀, ẹ̀gbọ́n." Ìwọ̀n tó fi gùn ò ju ìdajì èékánná lọ. Ó mú fáìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ etí irin náà, eruku dúdú ń dà sórí bàtà rẹ̀, ó sì fi òòlù kékeré gbá a wọlé lẹ́yìn náà. "Ó ti wọ̀." Mo dúró tì í, inú mi ń dùn pé mo ní mẹkáníìkì tó mọ ọgbọ́n dá.

Ọjọ́ kẹta la ń ti Garki bọ̀ wálé sí Mararaba. A ti kọjá AYA nígbà tí òórùn kan gba inú ọkọ̀, bí ìgbà tí aṣọ ń jó lábẹ́ áyọ́ọ̀nù. Ìyàwó mi ní, "Dádì, kí ló ń jó?" Mo ní bóyá ọkọ̀ akẹ́rù iwájú wa ni. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ ní Kugbo, mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi rì bí ẹni tẹ fùfú. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún rì. Mo fa gíà sí kékeré, mo rọra ń fa bíréèkì ọwọ́ díẹ̀díẹ̀, mo sì ya kúrò lójú títì. Orí ló yọ wá, pé kò sí ẹnikẹ́ni níwájú wa gan-an ní àkókò yẹn. Táyà ọ̀tún iwájú ń rú èéfín. Mi ò lè súnmọ́ rímù rẹ̀ débi tí màá fọwọ́ kàn án.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Páàdì gbọ́dọ̀ máa yọ́ lọ yọ́ bọ̀ nínú ilé rẹ̀: tí ẹ bá tẹ bíréèkì, á fún irin tó ń yí, tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀, á fà sẹ́yìn díẹ̀. Èyí tí wọ́n fi òòlù gbá wọlé há síbẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀, òun ò gbé. Láti Garki ló ti ń fi ara ha irin lọ, ooru ń pọ̀ sí i, títí òróró bíréèkì inú páìpù fi hó. Òróró tó ti hó ti di afẹ́fẹ́ lápá kan, afẹ́fẹ́ sì ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀, òróró ò ṣeé tẹ̀. Ìdí tí ẹsẹ̀ mi fi rì nìyẹn. Nígbà tí mo padà lọ sí Apo tí ọlọ́jà wo ẹ̀yìn páàdì náà dáadáa, ti Camry ni lóòótọ́. Camry mìíràn ni.

Mi ò dá àwọn àgbà wa lẹ́bi lórí ìgbàgbọ́ yìí, torí pé nígbà kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, gbogbo Òkè Ọya sì kún fún 504, lẹ́yìn náà 505. Ojú kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ti jáde. Tí 504 bá dákú fún yín ní Zaria tàbí Funtua, ohun tó wà ní ìsọ̀ tó súnmọ́ yín ló wà lára ọkọ̀ yín. (Nígbà yẹn náà, wágọ́ọ̀nù gùn ju sàlúùnù lọ, ohun tó wà lábẹ́ wọn ò sì rí bákan náà, àwọn awakọ̀ àtijọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀.) Inú ayé yẹn ni àṣà pé kí a dárúkọ ọkọ̀ kí a sì gba páàtì ti dàgbà. Ìgbà tókúnbọ̀ dé, ayé yẹn ti parí, àṣà náà ni kò kú. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní Japan, èyí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà àti èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn ará Yúróòpù ń dé sí ẹnubodè kan náà, orúkọ kan la sì ń sọ gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ ká tú Big Daddy wò. Camry 2002 sí 2006 là ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin wà, ẹ́ńjìnnì 2.4. Àwọn oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà 3.0 wà, 3.3 sì tún dé lára àwọn kan láti 2004. Lára oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin, gíà ọlọ́nà mẹ́rin ni èyí tó jáde títí di 2004 ní, ọlọ́nà márùn-ún sì ni ti 2005 àti 2006. Ọdún 2005 yẹn náà ni wọ́n pààrọ̀ ojú rẹ̀, tí iná iwájú àti iná ẹ̀yìn fi yàtọ̀. Bíréèkì ẹ̀yìn àwọn kan jẹ́ oníṣúù, ti àwọn mìíràn jẹ́ onípáàdì. Ẹ tún wá wo eléyìí: àwọn kan nínú wọn ti Japan wá, àwọn kan ti Kentucky ní Amẹ́ríkà wá, iná ẹ̀yìn tí ẹ ó rà fún ọkọ̀ 2003 tí wọ́n ṣe ní Japan ò rí bákan náà pẹ̀lú ti ọkọ̀ 2003 tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà. Ọdún kan, orúkọ kan, kálà kan, iná ò bára mu. Corolla ìgbà náà burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ́ńjìnnì 1.8 ni ti Amẹ́ríkà ń lò, ti Yúróòpù sì wà ní 1.4 àti 1.6, bẹ́ẹ̀ ni bọ́ńpà àti iná iwájú wọn ò jọra.

Èyí tó kọ̀ láti wọlé kì í pa ènìyàn. Owó àti àkókò yín ló máa jẹ. Èyí tó wọlé wẹ́rẹ́ ni kí ẹ bẹ̀rù. Plọ́ọ̀gì tí ìdí rẹ̀ gùn ju ti ọkọ̀ yín lọ á yí wọlé láì janpata, orí rẹ̀ á sì yọ débi tí písítìnì lè gbá a. Èyí tó kúrú jù náà á wọlé, á máa tan iná nínú ihò, epo ò ní jó tán, ẹ ó sì máa bú ẹni tó ta epo fún yín.

Ìdérí rédíétọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ lọ wò lónìí, tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù. Nọ́ńbà kan wà lórí rẹ̀, 0.9 tàbí 1.1 ló pọ̀ jù lára àwọn ọkọ̀ Japan. Agbára tí ìdérí náà lè dì mú kí ó tó tú nìyẹn. Dídì tó ń di omi mú yìí ni kì í jẹ́ kí omi inú rédíétọ̀ hó ní ìwọ̀n ooru ọgọ́rùn-ún bíi ti ìkòkò. Èyí tí agbára rẹ̀ kéré á tètè jọ̀wọ́ omi, ọkọ̀ á sì gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya nínú ooru oṣù kẹta. Èyí tí agbára rẹ̀ ju ti ọkọ̀ lọ lè la orí rédíétọ̀ tó ti gbó, torí pé ike ni orí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá ń wakọ̀ lọ sí Jos gbọ́dọ̀ kọbi ara sí i ju gbogbo wa lọ. Jos ga tó bíi mítà 1,200 ju òkun lọ, omi lásán máa ń hó níbẹ̀ ní nǹkan bíi 96, tó fi hàn pé ìdérí tí kò tó á tètè dójú tì yín lórí òkè yẹn. Gbogbo ìdérí wọ̀nyí ló sì ń wọ ẹnu rédíétọ̀ kan náà.

Kí wá ni ẹ ó fi ra páàtì? Nọ́ńbà ṣáàsì. Ẹ dúró síta lápá ọ̀dọ̀ dírẹ́bà, ẹ wo ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú, ó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó tún wà lára sítíkà ẹnu ilẹ̀kùn dírẹ́bà àti nínú ìwé ọkọ̀ yín. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni, wọn kì í sì í lo I, O tàbí Q nínú rẹ̀, nítorí náà ohun tó jọ O níbẹ̀, òdo ni. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú J, Japan ni wọ́n ti ṣe é. 1, 4 àti 5 jẹ́ ti Amẹ́ríkà, 2 jẹ́ ti Kánádà. Lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ti ẹ̀kẹwàá ló ń sọ ọdún: Y ni 2000, 1 ni 2001, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé 9 fún 2009, A sì ni 2010. Lára Toyota tó ti Yúróòpù wá, ẹ má gbára lé ti ẹ̀kẹwàá yẹn. Ẹni tó ń wa Peugeot tún ní nọ́ńbà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní ORGA, ó máa ń wà lára sítíkà ẹnu ilẹ̀kùn, torí Peugeot lè pààrọ̀ páàtì láàárín ọdún kan náà.

Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ń tajà ní Apo àti Zuba báyìí lè tẹ nọ́ńbà ṣáàsì sórí fóònù, kí nọ́ńbà páàtì gan-an sì jáde. Ti Toyota jẹ́ mẹ́wàá, márùn-ún, àmì ìdè, márùn-ún. Márùn-ún àkọ́kọ́ ń sọ irú nǹkan tó jẹ́: 04465 ni páàdì iwájú, 04466 ni ti ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń mú wa. Ọlọ́jà á fi 04465 hàn yín lára páálí, á ní ẹ wò ó fúnra yín, kò sì purọ́, páàdì iwájú ni. Márùn-ún tó kẹ́yìn ló ń sọ páàdì iwájú ọkọ̀ ta ni. Tí nọ́ńbà ìparí bá yàtọ̀ díẹ̀ sí tiyín, ẹ má tíì kọ̀ ọ́, nítorí ilé iṣẹ́ máa ń fi nọ́ńbà tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Ẹ ní kó wò ó bóyá èyí ló rọ́pò èyí.

Àǹfààní mìíràn wà nínú nọ́ńbà yìí fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ti pẹ́. Mo mọ àwọn tó ti tà Pontiac Vibe wọn ní owó pọ́ọ́kú, torí wọ́n ní kò sí páàtì rẹ̀ mọ́. Lóòótọ́, Pontiac ti kógbá wọlé láti 2010. Ṣùgbọ́n ìbejì Toyota Matrix ni Vibe 2003, ẹ́ńjìnnì 1.8 tó wà nínú rẹ̀ ló wà nínú Corolla ọdún náà. Páàtì tí wọ́n ń sunkún rẹ̀ wà ní ìsọ̀ kẹta, orúkọ mìíràn ló ń jẹ́. Ẹ́ńjìnnì 2.4 ti Big Daddy náà wà nínú RAV4 2004 àti Highlander oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin ìgbà yẹn. Orúkọ ọkọ̀ pa wọ́n mọ́ fún wa.

Ẹnìkan á ní, ṣé kí n má kàn mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà ni? Ẹ mú un dání, ó dára, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo. A kì í sábà jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó ni tókúnbọ̀, a kò sì mọ ohun tí ẹni tó lò ó ṣáájú wa tì bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Kugbo, mo tẹ nọ́ńbà ṣáàsì mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn nǹkan kéékèèké lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdérí rédíétọ̀ tí mo bá lára ọkọ̀ lọ́jọ́ tí mo rà á, tí mo ti mú lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀mejì gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, tí wọ́n sì ti tà irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ fún mi lẹ́ẹ̀mejì, 0.9 ló wà lórí rẹ̀. 1.1 ni ti ọkọ̀ mi.