Òkúta inú ìrókò: ta ló kó o síbẹ̀?

Ìbéèrè: Pákó ìrókò méjì la rà. Èkíní là wẹ́rẹ́, èkejì ká eyín ayùn. Ṣé wọ́n rẹ́ wa jẹ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Òkúta ni ayùn yín pàdé. Ìrókò mìíràn ní in nínú, òmíràn kò ní. Òkúta ẹfun ni, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ńtì, igi fúnra rẹ̀ ló sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Gbòǹgbò á fa kálísíọ́mù láti inú ilẹ̀, igi á sọ ọ́ di kálísíọ́mù ọ́sálétì, bakitéríà á wá sọ ìyẹn di òkúta. Ibi tí igi ti sán tàbí tí ó ti fara gbọgbẹ́ ló sábà máa ń dì sí. (Àwọn àgbà ní olúwéré ló ń gbé inú ìrókò, káfíńtà tí ayùn rẹ̀ ṣẹ́ lè gbà bẹ́ẹ̀.)

Ìbéèrè: Báwo la ṣe lè tètè rí i?

Ìdáhùn: Ẹ̀rọ tó ń wá ìṣó nínú igi kò lè rí i, nítorí kì í ṣe irin. Ẹ wo ibi tí pákó ti dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ. Ẹ fi ẹnu ìṣó ha á. Bí ó bá le gbandi, ẹ kán ọtí kíkan sí i: bó bá ń hó, òkúta ni. Bí ó bá kéré, ẹ fi irin ìgbẹ́gi tó ti gbó yọ ọ́, kí ẹ po lẹ́búlẹ́bú ìrókò mọ́ gọ́ọ̀mù dí ojú ihò. Bí ó bá tóbi, ẹ gé ibẹ̀ sọ nù. Ayùn eléyín kábáídì (ohun kan tó le ju irin lásán lọ) ló lè fara dà á díẹ̀.

Ìbéèrè: Kò sí òkúta, síbẹ̀ ẹ̀rọ ìfági ń fa ojú pákó ya.

Ìdáhùn: Okùn inú ìrókò máa ń lọ́ sọ́tùn-ún, kó tún lọ́ sósì. Ẹ pọ́n abẹ dáadáa, ẹ máa fá a fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ sì dín igun tí abẹ fi ń gé igi kù sí ìwọ̀n dígírì 15.

Ìbéèrè: Fánìṣì wa kọ̀, kò gbẹ.

Ìdáhùn: Oje inú ìrókò ló ń dí fánìṣì olóróró lọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi ṣẹ́láàkì (ohun ìkungi tí wọ́n fi ọtí líle pò) kun ún, kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó fi fánìṣì lé e.

Ìbéèrè: Ṣé ikán ò ní jẹ ẹ́?

Ìdáhùn: Àárín igi, ó ṣòro. Apá funfun abẹ́ èèpo, wọn á jẹ ẹ́. Ẹ gé e kúrò. Ìbòmú sì ni o: lẹ́búlẹ́bú ìrókò ń fa ara yíyún àti ikọ́ fée.