Lítà Tó Wà Lára Páálí Kọ́ Ni Omi Tí Ẹ Máa Lò

Obìnrin kan pè mí lọ́jọ́ kan pé tọ́ílẹ́ẹ̀tì tuntun tí òun rà, tí wọ́n kọ "lítà 4.8" gàdàgbà sí lára, kò dín owó omi òun kù rárá. Mo dé ilé wọn, mo jókòó sí pálọ̀, mo dẹtí. Ọmọ wọn kan wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Omi dún ṣọ̀ọ̀. Kò pẹ́, ó tún dún ṣọ̀ọ̀. Mo ní, "Mà, ṣé bó ṣe máa ń rí nìyẹn?" Wọ́n ní, "Ẹ̀ẹ̀kan kì í gbé e lọ o, jàre." Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀: 4.8 lọ́nà méjì jẹ́ 9.6. Èyí tí wọ́n yọ dànù, lítà 6 ló ń lò, ẹ̀ẹ̀kan ló sì ń gbé e lọ.

Tọ́ílẹ́ẹ̀tì ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ dójú lé, torí òun ló sábà máa ń mu omi jù nínú ilé. Àwọn ti àtijọ́ lè gbé lítà 13 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1992 ló sọ ọ́ di lítà 6 lọ́dọ̀ tiwọn. Nígbà tó yá, àmì WaterSense, tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún ohun èlò tó ń dá omi sí, ní 4.8 ni tòun. Ṣùgbọ́n iye lítà kò sọ fún yín bóyá àwo náà mọṣẹ́. Èsì ìdánwò tí wọ́n ń pè ní MaP ni kí ẹ béèrè. Ẹ má rẹ́rìn-ín o: ẹ̀wà sóyà lílọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe bí ìgbẹ́, wọ́n á jù ú sínú àwo, wọ́n á wo iye gíráàmù tí omi ẹ̀ẹ̀kan lè gbé lọ. Èyí tí kò bá gbé gíráàmù 350 kò lè gba àmì WaterSense. Èmi ò ní ra ohun tí kò tó 600 fún ilé tí èèyàn pọ̀ sí.

Oníbọ́tìnì méjì náà dára, èyí tí ẹ máa tẹ kékeré fún ìtọ̀, tí ẹ máa tẹ ńlá fún ìgbẹ́. Àléébù rẹ̀ kan ni pé rọ́bà ìsàlẹ̀ táǹkì rẹ̀ lè máa jò láìdún, àgàgà tí omi bá ní ìdọ̀tí. Ẹ kán aró tí wọ́n fi ń pa oúnjẹ láró sínú táǹkì, ẹ má ṣan án, ẹ padà wá lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí àwọ̀ bá ti yọ sínú àwo, rọ́bà ti lọ nìyẹn. Mo ti rí ilé tó jẹ́ rọ́bà nìkan ni wọn ì bá pààrọ̀, tí wọ́n wá lọ ra odindi tọ́ílẹ́ẹ̀tì tuntun.

Ti ṣáwà le díẹ̀. Lítà 7.6 ní ìṣẹ́jú kan tí wọ́n kọ sára páálí, níbi tí omi ti lágbára dáadáa ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Bó bá jẹ́ orí òpó ni táǹkì yín wà, mítà kọ̀ọ̀kan tó fi ga ju ẹnu ṣáwà lọ, nǹkan bí 0.1 bar péré ló ń fún yín (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára omi). Táǹkì tó fi mítà 4 ga jù ú lọ kò lè fún yín ju 0.4 lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ṣáwà adómisí ń fẹ́ bar 1 kó tó ṣe dáadáa. Ohun tí ẹ máa rí ni omi tó ń kán tótó, ẹ ó sì dúró pẹ́ kí ọṣẹ tó kúrò lára. Àwọn kan a fi ìṣó lu ike kékeré tó ń dín omi kù níbẹ̀ yọ. Owó ti wọgbó.

Torí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ gbé garawa onílítà 10 sábẹ́ ṣáwà tó wà nílé, kí ẹ ṣí i pátápátá, kí ẹ wo aago. Bó bá kún láàárín ìṣẹ́jú àáyá 40, lítà 15 ló ń dà ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀yin gan-an ni ṣáwà adómisí wà fún. Bó bá lé ní ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀, omi yín ti kéré tẹ́lẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ti táàpù, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn olùtajà kì í sọ. Níbi tí ẹ ti ń pọn omi sínú ìkòkò tàbí garawa, táàpù adómisí kò dá nǹkan kan sí. Garawa onílítà 10 á gba lítà 10, kó yá tàbí kó pẹ́. Ibi ìfọwọ́ ni èrè rẹ̀ wà, níbi tí omi ti ń ṣàn lọ lásán. Asẹ́ kékeré tó ń po afẹ́fẹ́ mọ́ omi lẹ́nu táàpù ti tó níbẹ̀. Ẹ kàn máa tú u fọ̀ lóòrèkóòrè, torí iyanrìn máa ń dí i.

Ilé tí èrò ń wọ̀ yàtọ̀, bíi ọ́fíìsì tàbí ilé ìtajà. Kò sẹ́ni tó ń sanwó omi lára àwọn tó ń lò ó, nítorí náà mo fẹ́ràn táàpù tí a ń tẹ̀ tó ń pa ara rẹ̀. Onísẹ́ńsọ̀ dára bí ẹnì kan bá wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti pààrọ̀ bátìrì. Sẹ́ńsọ̀ ara tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni mi ò gba tiẹ̀: èèyàn á kàn tẹ̀ síwájú láti mú ìwé ìnùdí, á ti ṣan lábẹ́ rẹ̀. Àwo ìtọ̀ ọkùnrin tí kì í lo omi rárá ní òróró tàbí ike kan tó ń dènà òórùn. Bí wọ́n bá gbàgbé láti pààrọ̀ rẹ̀, gbogbo àjà náà á mọ̀.

Ẹ tún wo páìpù abẹ́ ilẹ̀. Nínú ilé gbígbé, omi ìwẹ̀ àti omi ìfọṣọ ń bá tọ́ílẹ́ẹ̀tì ti ìdọ̀tí lọ. Ní ọ́fíìsì, kò sí wọn. Bí páìpù bá gùn, tí kò sì dagẹ̀rẹ̀ tó (ó yẹ kó fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2 lọ sílẹ̀ ní mítà kan), omi tó kéré á fi ìdọ̀tí sílẹ̀ ní àárín ọ̀nà. Níbẹ̀, lítà 6 ni màá fi sí, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní ará àtijọ́.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi olùtajà bóyá rọ́bà àti asẹ́ inú rẹ̀ ṣeé rà lọ́tọ̀. Bó bá ń wo òkè, ẹ kọjá sí ìsọ̀ tó kàn.