Bí Wọ́n Ṣe Ń Ya Ojú Ọmọ Aláwọ̀ Dúdú Sínú Ìwé Ọmọdé

Òǹkọ̀wé á kọ ìtàn, olóòtú á wá ayàwòrán, ayàwòrán á pín ìtàn sí ojú ewé, tí í sábà jẹ́ 32. Ìyẹn ò le. Ojú ọmọ inú ìtàn gan-an niṣẹ́ wà.

Ohun tó ń múnú bíni ni èrò pé ká ṣáà kun ọmọ tí wọ́n ti yà tẹ́lẹ̀ ní dúdú, ó tán. Kò tán o. Aṣọ tí télọ̀ gé mọ́ ẹlòmíràn lára nìyẹn: ẹ rẹ ẹ́ láró títí, èjìká á ṣì fún, ọrùn ò sì ní í gba orí. Ibi ìwọ̀n ló ti bàjẹ́.

Lójú ọmọ tó pupa, ìlà dúdú ló ń gbé ẹnu àti imú yọ. Bí ọmọ bá dúdú, ìlà yẹn á rì: ẹnu á pòórá, ìpéǹpéjú á pòórá, ẹyinjú méjì nìkan ló máa kù tó ń wo èèyàn. Ayàwòrán tó mọṣẹ́ á fi ìmọ́lẹ̀ mọ ojú náà, níbi tó ti ń dán lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́, lórí imú, níwájú orí.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà ní wàhálà tirẹ̀. Ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ inú ìwé: ẹ ò ní rí búráùn kankan níbẹ̀, àfi tóótòòtó yíǹkì búlúù, pupa, yẹ́lò àti dúdú. Bí dúdú bá pọ̀ jù, awọ á rí bí eérú. Pupa àti yẹ́lò abẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ́ kó dà bíi pé ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn níbẹ̀.

Ní 1965, Nancy Larrick, olùkọ́ kan tó mọ̀ nípa ìwé ọmọdé, gbé ìwádìí jáde ní Amẹ́ríkà. Nínú ìwé ọmọdé 5,206 tí wọ́n tẹ̀ láàárín 1962 sí 1964, 349 péré ló ní aláwọ̀ dúdú kan, ó kéré tán. Ọwọ́ ayàwòrán tó fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ kọ́ṣẹ́, ojú kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n yà.

Àléébù ètò ṣíṣe ìwé yìí ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀yìn tí ọ̀dà ti gbẹ ni wọ́n ń pe ẹni tó mọ àṣà ọmọ náà. Òun á wo irun dídì, á sì rí i pé ẹni tó yà á ò wo orí tí wọ́n dì dáadáa rí. Nígbà tó ṣì wà ní pẹ́ńsù, írésà ni ì bá gbà.