Ẹ má tíì ta kọ̀ǹpútà onírin yẹn fún oní-kọ́ńdẹ́ẹ̀mù

Àwọn tó ń gbé kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Òkè-Fíà, ọ̀rọ̀ kan náà ló sábà máa ń wà lẹ́nu wọn: "Ẹ̀gbọ́n, bọ́ọ̀dù rẹ̀ ti jóná, ṣé ká kúkú tà á ní kọ́ńdẹ́ẹ̀mù?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ẹ kọ́kọ́ wo irú bọ́ọ̀dù tó wà níbẹ̀.

Nínú àwọn kan, bọ́ọ̀dù ńlá tó tẹ́ sísàlẹ̀ kéèsì kò ní ọpọlọ kankan lórí. Ihò gbọọrọ tí wọ́n ń ki káàdì bọ̀ ló tò sórí rẹ̀, ìlà bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ sì so wọ́n pọ̀. Backplane la máa ń pè é. Kó pín iná, kí àwọn káàdì sì lè gbọ́ ara wọn yé, iṣẹ́ rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, wà lórí káàdì tirẹ̀, mẹ́mórì náà wà lórí tirẹ̀. Bí Altair 8800 ṣe rí nìyẹn, èyí tí ilé iṣẹ́ MITS ní Amẹ́ríkà ṣe, tó wà lójú ìwé ìròyìn Popular Electronics ti oṣù kìíní ọdún 1975. Ihò rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ojú ìfarakanra 100. Irú bọ́ọ̀dù báyìí kì í déédéé jóná.

Bí wọ́n ṣe pín iná níbẹ̀ ló wù mí jù. Páwà kò gbé fóltì 5 wá. Nǹkan bíi fóltì 8 ló ń dà sórí bọ́ọ̀dù, káàdì kọ̀ọ̀kan ló ń gé e sí 5 fúnra rẹ̀. Ẹ wo òkè káàdì náà dáadáa: ẹ̀yà kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan wà tí wọ́n dè mọ́ irin tó ń fa ooru. Iná tó ṣẹ́ kù, ooru ló ń dà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn káàdì fi dúró ṣánṣán bíi búrẹ́dì tí wọ́n gé, kí atẹ́gùn lè gba àárín wọn kọjá. Tí kéèsì yín bá ní fáànù, ẹ má torí ooru ọ̀sán Òṣogbo ṣí ọmọrí rẹ̀ sílẹ̀. Atẹ́gùn fáànù á gba òkè sá lọ, kò ní dé ibi tó gbóná.

Apple II ti 1977 àti IBM PC ti 1981 gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n gbé CPU sórí bọ́ọ̀dù ńlá gan-an. Tí bọ́ọ̀dù yẹn bá kú, gbogbo rẹ̀ dákẹ́ nìyẹn. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ wọn kò gbọdọ̀ dúró kò sì pa backplane tì, torí káàdì tó bàjẹ́ nìkan ni wọ́n á yọ.

Tí tiyín bá kọ̀ tí kò tàn, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná pátápátá. Ẹ fi fóònù ya àwòrán ibi tí káàdì kọ̀ọ̀kan wà kí ẹ tó fà á sókè. Ẹ wo eyín aláwọ̀ wúrà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀: eruku ọyẹ́ àti ọ̀rinrin òjò máa ń mú un dúdú. Rọ́bà tí ọmọ iléèwé fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ má lo sáńpépà rárá, wúrà ojú rẹ̀ kò nípọn. Ẹ má sì ṣí àpótí páwà fúnra yín. Iná máa ń wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á.

Lẹ́yìn náà, ẹ dá iná rẹ̀ padà, kí ẹ fi mítà wọn backplane láìsí káàdì kankan lórí rẹ̀. Tí fóltì bá pé, ẹ pa á, ẹ ki káàdì kan bọ̀ ọ́, ẹ tún tàn án, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan. Káàdì tó bá fa fóltì walẹ̀ ni kí ẹ gbé wá fún wa. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀ nílé.