Ṣé Ìlẹ̀kẹ̀ Dọ́là 24 Ni Wọ́n Fi Ra Manhattan Lóòótọ́?

Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ ìtàn yìí rí. Wọ́n ní lọ́dún 1626, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Peter Minuit kó ìlẹ̀kẹ̀ àti wóróbo tí kò ju dọ́là 24 lọ fún àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni wọ́n bá gbé erékùṣù Manhattan, tó jẹ́ àárín gbùngbùn New York lónìí, lé e lọ́wọ́. Àwọn tó ń kọ́ni bí a ṣe ń dókòwò fẹ́ràn ìtàn yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Wọ́n á ní ká ní àwọn ọmọ ìbílẹ̀ yẹn fi dọ́là 24 náà sí báǹkì tó ń san èlé orí èlé, òbítíbitì owó ni ì bá ti dà báyìí. Wọn kì í sọ báǹkì tó ní ẹ̀ka ní Manhattan lọ́dún 1626.

Ẹ̀rín la sábà máa ń fi gbọ́ ọ, torí ìtàn ọlọ́gbọ́n àti òmùgọ̀ ni wọ́n fi ṣe. Àmọ́ bí èèyàn bá wá ẹ̀rí rẹ̀ lọ, ohun tó máa bá ò tó nǹkan.

Ìwé àdéhùn tí wọ́n fi ra erékùṣù náà ò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lónìí. Lẹ́tà kan ṣoṣo la rí dì mú, ó sì wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba Netherlands nílùú The Hague. Ọ̀gbẹ́ni Pieter Schagen ló kọ ọ́ láti Amsterdam ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá ọdún 1626. Ìròyìn tí ọkọ̀ òkun kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé láti Amẹ́ríkà ló ń jẹ́ fún ìjọba. Ó ní ara àwọn èèyàn wa le níbẹ̀, àwọn obìnrin ti bímọ, wọ́n sì ti ra erékùṣù Manhattes lọ́wọ́ àwọn ará igbó ní iye gílídà 60, ìyẹn owó tí wọ́n ń ná ní Netherlands nígbà náà. Kò sọ púpọ̀ sí i nípa Manhattan. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹrù ọkọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan: 7,246 awọ beaver, ẹranko odò tí wọ́n ń fi irun rẹ̀ ṣe fìlà olówó ńlá ní Yúróòpù. Ẹ ò rí i pé awọ ló jẹ ẹ́ lógún ju erékùṣù lọ.

Kò dárúkọ Minuit. Kò dárúkọ ẹni tó tà á, kò sọ ọjọ́ tí wọ́n tà á, kò sì mẹ́nu kan ìlẹ̀kẹ̀ rárá.

Dọ́là 24 ńkọ́? Ọ̀rúndún 19 ló ti wá. Nígbà tí àwọn òpìtàn Amẹ́ríkà rí lẹ́tà náà, wọ́n ṣẹ́ gílídà 60 sí dọ́là ayé ìgbà tiwọn, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni gbogbo ayé ti ń tún 24 yẹn sọ bí ẹni pé owó dọ́là kì í yí padà. Àwọn olùwádìí kan ní Amsterdam fojú bù ú pé yóò tó nǹkan bí 1,000 dọ́là lóde òní. Ìlẹ̀kẹ̀ ní tirẹ̀ jẹ́ iyọ̀ tí àwọn òǹkọ̀wé bù sí ọbẹ̀ ní ìdajì kejì ọ̀rúndún yẹn kan náà. Nígbà tó fi máa di 1926, wọ́n ti gbẹ́ ẹ sára òkúta ìrántí kan ní Battery Park. Ọmọ ìbílẹ̀ tó wà lára rẹ̀ dé fìlà ìyẹ́ ẹyẹ tí àwọn ẹ̀yà ilẹ̀ pápá ìwọ̀ oòrùn máa ń dé, èyí tí àwọn Lenape tó ni Manhattan kì í dé. Ní Inwood Hill Park, lókè erékùṣù náà lọ́hùn-ún, òkúta mìíràn tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1954 sọ pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti tà á. Ó kúkú fi kún un pé ìtàn àtẹnudẹ́nu ni.

Kí wá ni wọ́n kó fún wọn? A lè fi Staten Island, erékùṣù ìtòsí rẹ̀, díwọ̀n, torí àwọn Dutch, ìyẹn àwọn ará Netherlands, kọ ti ibẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1630: aṣọ nínípọn, ìkòkò irin, àáké, ọkọ́, irin ìdáhòlu, pẹ̀lú wampum. Wampum yìí nìkan la lè pè ní ìlẹ̀kẹ̀ níbẹ̀, ìkarahun ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ fúnra wọn ló ń ṣe é, iyì rẹ̀ sì pọ̀ débi pé àwọn Dutch alára ń ná an bí owó. Ẹni tó ti ń fi àáké òkúta gé igi láti kékeré kò ní ka àáké irin sí wóróbo.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ṣòro jù. Lójú àwọn Lenape, ilẹ̀ jẹ́ ohun tí gbogbo ẹbí àti ará jọ ń lò. Wọ́n ń dá oko àgbàdo, wọ́n ń pẹja, wọ́n ń ṣọdẹ, wọ́n sì ń ṣí láti ibì kan sí ibòmíràn bí ìgbà ṣe ń yí. Ẹni tó bá mọ ìṣákọ́lẹ̀ á tètè lóye ohun tí wọ́n rò pé àwọn ń ṣe: àlejò mú nǹkan wá, a fún un níbi tó máa gbé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ò tíì kúrò lọ́wọ́ onílẹ̀. Wọn ò kó ẹrù wọn kúrò lẹ́yìn 1626. Ní Staten Island, lẹ́yìn tí wọ́n ti “tà” á fún àwọn Dutch ní 1630, ó tó ìgbà mélòó kan tí wọ́n tún sanwó rẹ̀, títí di 1670 tí Francis Lovelace, gómìnà Gẹ̀ẹ́sì, fi ra èyí tó kẹ́yìn. Bí ọjà bá ti tà pátápátá, kò sídìí tí wọ́n á fi máa rà á ní àràtúnrà.

Àwọn Dutch ní tiwọn mọ ohun tí wọ́n ń wá. Ilé-iṣẹ́ West India Company tó rán wọn ti pàṣẹ lọ́dún 1625 pé kí wọ́n má fipá lé àwọn ọmọ ìbílẹ̀, kí wọ́n bá wọn sọ̀rọ̀ ire tàbí kí wọ́n fún wọn ní nǹkan. Àánú nìkan kọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pariwo pé àwọn ló ni gbogbo etíkun yẹn, ẹni tó bá sì lè sọ pé òun rà á yóò rí ẹnu fọhùn.

Ẹ̀dà ìtàn náà kan wà tó sọ pé àwọn Canarsee láti Brooklyn ni wọ́n tà á, pé ilẹ̀ wọn kọ́, pé òyìnbó ni wọ́n lù ní jìbìtì. Mo mọ̀ ìdí tí èyí fi ń dùn mọ́ èèyàn nínú, àmọ́ kò sí ẹ̀rí fún òun náà. Lẹ́tà Schagen ò dárúkọ ẹ̀yà kankan.

Bí ilẹ̀ ṣe kúrò lọ́wọ́ àwọn Lenape kì í ṣe ohun ìpanilẹ́rìn-ín. Lọ́dún 1639 ni Willem Kieft, gómìnà àwọn Dutch, ní kí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ máa san owó orí. Ní òru kan lóṣù Kejì ọdún 1643, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lọ pa àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tó wá forí pamọ́ sí Pavonia, ní òdìkejì odò, àti Corlears Hook, ní Manhattan, tọmọdé tàgbà. Ogun náà ò parí títí di 1645, àìsàn tí òyìnbó kó wá sì ń pa àwọn tó kù.

Àárín ogun yẹn ni àwọn èèyàn dúdú wọ inú ìtàn yìí, apá tí wọn kì í sọ fún wa. Lóṣù Kejì ọdún 1644, ilé-iṣẹ́ West India Company fún àwọn ẹrú 11 ní ìdajì òmìnira, lára wọn ni Paulo Angola àti Simon Congo. Wọ́n fún irú àwọn bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ oko lẹ́yìn ìlú, lápá ibi tí Greenwich Village wà lónìí. Ibẹ̀ ni ọ̀tá máa kọ́kọ́ dé bó bá ń bọ̀. Lọ́dọọdún, wọ́n gbọ́dọ̀ san ọkà àti ẹlẹ́dẹ̀ sísanra kan, àwọn ọmọ wọn sì wà lóko ẹrú síbẹ̀, títí kan èyí tí wọn ò tíì bí.

Ní 1664, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rin gúnlẹ̀ sí èbúté, Peter Stuyvesant, tó jẹ́ gómìnà àwọn Dutch nígbà náà, sì jọ̀wọ́ ìlú láìyìnbọn. New Amsterdam, ìlú tí àwọn Dutch tẹ̀ dó sí Manhattan, di New York. Kò sẹ́ni tó san gílídà kankan fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn.

Àwọn Lenape ò kú tán o. Wọ́n wà ní Oklahoma, ní Wisconsin àti ní Ontario lórílẹ̀-èdè Kánádà. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ka àwọn ẹ̀yà wọn ní Oklahoma àti Wisconsin sí, ṣùgbọ́n kò sí ìkankan tó kà sí ní ìpínlẹ̀ New York.